Kọ́kọ́rọ́ Lórí Sáàmù

Mo tún ti rí òmíràn láàárọ̀ yìí. Bíbélì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun nà gbalaja sáàárín rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé wá fún ìsàmì, olúwa rẹ̀ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Kì í ṣe nípa ipá, kì í ṣe nípa agbára." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ọkọ̀ yẹn. Bí kì í bá ṣe nípa agbára, kí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù lé lórí?

Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni o. Ìyìn ni mo gbé wá. Àwọn ará wa tó mọ iṣẹ́ yìí í ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, torí ó gba sùúrù. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ náà dáadáa: kò sí ìgbà tí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kì í kọjú sókè. Kọ́kọ́rọ́ ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń ju tiyín sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dojú bolẹ̀ nígbà mìíràn, á dojú sókè nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti balẹ̀ sórí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, òkè nìkan ló ń wò, níbi tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti wá. Ẹ tún wo okùn pupa tí wọ́n fi ń sàmì sójú ìwé. Wọ́n á fà á jáde díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó rọra ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kó má baà dà bíi pé ènìyàn ló tò ó.

Ojú ìwé wo ni wọ́n ń ṣí sí? Sáàmù ni, nígbà gbogbo. Mo kọ́kọ́ rò pé Ẹ̀mí ló ń darí wọn síbẹ̀. Àṣé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé ni. Ìwé tó bá nípọn kì í gbà kí ẹ ṣí òun sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí kó sì dúró jẹ́ẹ́, á máa padé mọ́ yín lọ́wọ́. Àárín ló ti í tẹ́jú, àárín Bíbélì sì rèé, Sáàmù ló wà níbẹ̀. Mo fẹ àwòrán àárọ̀ yìí lójú fóònù mi títí lẹ́tà fi ń dàrú, kí n ṣáà lè mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà jókòó lé. Sáàmù 49 ni. Ẹ lọ kà á. Ó ní kí a má fòyà nígbà tí ẹnì kan bá di ọlọ́rọ̀ tí ògo ilé rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, nítorí pé nígbà tó bá kú, kò ní kó nǹkan kan lọ. Orí "kò ní kó nǹkan kan lọ" gan-an ni bọ́tìnnì tó ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tẹ̀ sí.

Mo sì ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan? Èmi ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀. Mo ní ti àgádágodo, mo ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ní ti àpótí kan tí mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí mọ́. Ọlọ́run kan náà ló fún mi ní gbogbo wọn, mi ò sì tíì rí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lé Bíbélì kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Olúwa ṣe é. Táyà ńkọ́? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni ọkọ̀ fi ń rìn ni? Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ lódindi, kó yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ yàrá wá, kó ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì lé ọ̀kan, Ẹ́kísódù lé ìkejì, Léfítíkù lé ìkẹta, Númérì lé ìkẹrin, kó wá fi Ẹkún Jeremáyà ti èyí tó wà nínú bùùtù. Ìgbà yẹn ni mo máa gbà pé ọkọ̀ yẹn ti di ti Olúwa.

Bíbélì fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ kọ́kọ́rọ́. Nínú Mátíù 16, Jésù sọ fún Pétérù pé òun yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run. Èyí tó yẹ kí wọ́n yà láwòrán nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí arọ tó ń tọrọ bárà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì nawọ́ sí Pétérù kan náà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3, ohun tó sọ fún un ni pé fàdákà àti wúrà, òun kò ní. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀run wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ gbẹ. Bó bá jẹ́ òde òní ni, wọn ò ní jẹ́ kó dé orí pẹpẹ. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì gbó.

Ẹ má bínú, ẹnu mi ti fẹ́ máa yọ. Ìyìn ni mo ní mo gbé wá.

Kí ẹ sì tó pè mí ní abínú-ẹni, ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà a máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́, tó tọ́jú owó, tó ra ọkọ̀, kó gùn ún kó dé ibi tó ń lọ láyọ̀. Àní kó dúpẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Ìwé tó sọ pé kí a má to ìṣúra jọ sí ibi tí kòkòrò àti ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́, òun náà ni ẹ wá sọ di àwo tí ẹ fi ń gbé ìṣúra kiri kí ayé lè rí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe fáàrí, ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yín lé tábìlì, ẹ gbé e lé orí yín, ẹ so ó mọ́ etí! Kí ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe fún yín?

Àwọn olè inú Bíbélì pàápàá ní ìtìjú jù wá lọ. Nínú Jóṣúà 7, Ákánì jí ẹ̀wù Bábílónì kan tó dára, 200 ṣékélì fàdákà àti dìndì wúrà tó wọn 50 ṣékélì. Kí ló fi wọ́n ṣe? Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Géhásì, ìránṣẹ́ wòlíì Èlíṣà, sáré tẹ̀lé Náámánì, ọ̀gágun tí ọ̀gá rẹ̀ wo ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ sàn, ó purọ́ gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì pẹ̀lú ìpààrọ̀ aṣọ méjì, ó kó wọn pamọ́ sínú ilé, ó wá lọ dúró níwájú Èlíṣà bí ẹni tí kò jáde rí. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn kò bá ẹni tí àwọn ń pe ara wọn mu. Bó bá jẹ́ lónìí, Ákánì á wọ ẹ̀wù náà wá sí ìsìn ìdúpẹ́, á yípo lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí bó ṣe balẹ̀.

Ṣekárími kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín àwa onígbàgbọ́ ṣá. John Chrysostom, tó di bíṣọ́ọ̀bù Constantinople lọ́dún 398, bá àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà rẹ̀ wí nítorí pé wọ́n ń fi fàdákà ṣe póò. Póò tí wọ́n ń tọ̀ sí o. Ó ní ẹ̀ ń fi fàdákà bu ọlá fún ìgbẹ́ yín, nígbà tí ẹni tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀ ń kú lọ nínú òtútù. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ńlá fẹ́ràn ènìyàn. Lọ́dún 404, wọ́n lé e lọ sí ìgbèkùn. Ṣùgbọ́n kí a fi tiwọn fún wọn: kò sí èyí tó gbé póò náà lé Ìwé Mímọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, mi ò ní purọ́. Ìgbà kan wà tí èmi náà tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jà tipẹ́tipẹ́ lórí ogún bàbá wa, a kì í kí ara wa mọ́. Mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́, òun náà bẹ̀ mí, àwa méjèèjì sunkún bí ọmọdé, ìjà sì parí. Mo rò pé ẹ̀rí nìyẹn. Ẹni tó ń darí ètò rọra bi mí létí ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sọ fún un. Ó wo ojú mi, ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká fi tiyín sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àkókò ò sí." Ni arákùnrin tó tẹ̀lé mi bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jì í woroworo. Ó ròyìn awọ ìjókòó, ó ròyìn fèrèsé tó wà lórí òrùlé, ìjọ ń ké Halelúyà sí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí kámẹ́rà tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han awakọ̀, ìyá kan gun orí àga. Kámẹ́rà ẹ̀yìn! Èmi tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi rẹ́ ò rí ẹni tó gun pẹpẹrẹ nítorí tèmi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò tíì dé títí di òní.

Bíbélì ìyá mi kò ṣeé yà láwòrán. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́, ó fi òwú dúdú rán an, òwú náà sì tún ti ń já. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹsẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn tó ń gbàdúrà fún, wíńníwíńní. Bí àdúrà náà bá gbà, á fa ìlà kékeré kan sábẹ́ orúkọ ẹni náà. Kì í jẹ́ kí a gbé ohunkóhun lé ìwé náà. Awò ojú tó fi ń kà á pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e sí. Nígbà tí Olúwa pè é, èmi ni wọ́n kó Bíbélì náà fún, mo sì wá orúkọ mi títí mo fi rí i. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òwe 15:18, níbi tó ti ní abínú ènìyàn a máa dá ìjà sílẹ̀. Kò sí ìlà lábẹ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀. Tímótì Kejì orí 4, ẹ ka ẹsẹ̀ 10, ẹ sì ka ẹsẹ̀ 13. Nínú ẹsẹ̀ 10, Démà ti fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, ó ti já Pọ́ọ̀lù jù sílẹ̀, ó ti gba Tẹsalóníkà lọ. Bí fóònù bá wà nígbà náà ni, à bá ti rí ohun tó lọ rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ẹsẹ̀ 13, Pọ́ọ̀lù tó wà nínú ìdè, tó ti parí eré ìje rẹ̀, ń ránṣẹ́ sí Tímótì pé kó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kápọ́sì bọ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé, pàápàá àwọn ìwé-awọ. Aṣọ kan ṣoṣo! Kò tilẹ̀ ní kí wọ́n ra tuntun. Ó mọ ìlú tó wà, ó mọ ọwọ́ ẹni tó wà. Ẹ gbé àwọn méjèèjì wá síwájú ìjọ wa lónìí, Démà la máa fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Pọ́ọ̀lù, a máa ní kó lọ gba ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀mí òṣì.

John Wesley náà, tó kú lọ́dún 1791, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gun ẹṣin kiri wàásù, sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé bí òun bá kú tí òun fi pọ́ùn 10 sílẹ̀, yàtọ̀ sí gbèsè àti àwọn ìwé òun, kí gbogbo ayé jẹ́rìí pé olè àti ọlọ́ṣà ni òun. Ẹ ò rí i pé ìwé ni àwọn ará ìjelòó ṣáà ń yọ sọ́tọ̀. Tiwa yàtọ̀. Lọ́dún 2019, ẹnì kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwòrán bàtà àwọn gbajúgbajà oníwàásù sórí Instagram, ó ń kọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Inú bí àwọn kan sí i gidigidi. Kì í ṣe sí bàtà o, sí ẹni tó sọ iye rẹ̀!

Èyí tó wá pa á ni àwọn tó ń rọ́ wá kọ "Mo gbà á!" sábẹ́ àwòrán kọ́kọ́rọ́. Kí lẹ gbà? Ta ló fún yín? Ẹni tó ni ọkọ̀ ti kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, ó ti lọ, ẹ̀yin ṣì ń gbà á níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, "Mo gbà á" ń dà wá bí òjò, mo ń fi ìka yí i sókè, kò tán. Mo wá rí i nísàlẹ̀ níbẹ̀ pé arábìnrin kan kọ̀wé lóru àná, ó ní ọmọ òun wà ní ilé ìwòsàn, kí a jọ̀ọ́ rántí òun nínú àdúrà. Ẹni mẹ́ta péré ló dá a lóhùn, ọkọ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ń polówó.