“Cast”: Ṣé Dídà Ni, àbí Fífi Ránṣẹ́?

Olùtumọ̀: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ojú ewé kìíní sọ pé alumíníọ̀mù tí wọ́n “cast” ni ara ẹ̀rọ náà. Ojú ewé kejì ní kí ènìyàn “cast” fídíò láti orí fóònù rẹ̀. “Dà” ni mo kọ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ lórí èkejì. Kí ni kí n kọ?

Adarin: Èkíní tọ̀nà pátápátá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bí iná alumíníọ̀mù bá ti dé ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò yọ́. A ó wá dà á sínú mọ́ọ̀dù, yóò sì gba ìrísí inú rẹ̀ bó ṣe ń dì. Bó ṣe ń dì náà ló ń súnkì, èyí ló fà á tí a fi ń fi àlékún irin yíyọ́ sílẹ̀ lókè kí ó lè máa dí àlàfo. Ẹ má ṣe kọ “rọ” o. Irin tí a bá rọ kò yọ́ rárá. Iná kàn mú un rọ̀ ni kí òòlù tó bà á.

Arìnká: Ṣebí “cast” ni kí a yan àwọn òṣèré sínú fíìmù? Ẹ kọ “yan”.

Olùtumọ̀: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò sí òṣèré kankan nínú ìwé ìlò náà.

Ìyá Tólú: “Fi ránṣẹ́” ni kí ẹ kọ. Fóònù ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, alaalẹ́ ni mo ń ṣe é.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ: Ẹ má bínú mà, fóònù kì í fi fídíò náà ránṣẹ́. Láti ìgbà tí Google ti gbé Chromecast, irú ẹ̀rọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, jáde ní 2013, ohun tí fóònù ń ṣe ni pé ó ń sọ ibi tí fídíò wà fún ẹ̀rọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ náà yóò sì fúnra rẹ̀ lọ gbé e wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí èyí ni ènìyàn fi lè gba ìpè lórí fóònù kan náà, kí fíìmù má sì dúró.

Ìyá Tólú: Àwòrán ọmọ mi tó wà nínú fóònù mi, tí n kò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ó hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ta ló lọ gbé ìyẹn wá?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ: Ẹ̀rọ náà ló wá gbé e lọ́dọ̀ fóònù yín, mà. Àyàfi bí ẹ bá ní kí gbogbo ojú fóònù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń wo dígí, nígbà náà ni fóònù ń ti àwòrán jáde fúnra rẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ sí “cast”.

Ìyá Tólú: Ẹ ka ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ: “lọ́dọ̀ fóònù yín”. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ fóònù mi kúrò, fóònù mi ló FI RÁNṢẸ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Gbòǹgbò kan ni àwọn méjèèjì ní. “Kasta” inú èdè Norse, èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì yá, ìyẹn ni kí a ju nǹkan. Àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń pe fífọ́n irúgbìn káàkiri ní “broadcast” kí rédíò tó gba ọ̀rọ̀ náà. Mo fara mọ́ “jù” fún méjèèjì.

Adarin: Ta ni ń ju irin yíyọ́? A kì í jù ú. Dídà ni à ń dà á.

Ẹlẹ́rìn-ín: Ẹ rọra o! Bí ẹ bá kọ “dà á sórí tẹlifíṣọ̀n”, ọmọdé kan yóò gbé ife omi, yóò sì dà á sí i.

Adarin: Ẹ má fi omi àti dídà ṣeré. Bí omi bá kù nínú mọ́ọ̀dù, bó ti wù kó kéré tó, irin gbígbóná yóò sọ ọ́ di oru lójú ẹsẹ̀, oru náà sì lè tú irin yíyọ́ ká sí ara ẹni tó wà nítòsí. Mo mọ ẹni tí apá rẹ̀ bó nítorí mọ́ọ̀dù tí kò gbẹ dáadáa.

Arìnká: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣé mọ́ọ̀dù oníyanrìn ni?

Adarin: Oníyanrìn ni. Ẹ gbẹ mọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó dà!

Àlejò: N kò tíì ka gbogbo rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mi kì í fara hàn nínú fóònù bí mo bá tẹ “cast”. Kí ni ṣíṣe?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ: Ẹ wò ó bóyá orí Wi-Fi kan náà ni fóònù àti tẹlifíṣọ̀n wà. Bí wọn kò bá sí níbì kan náà, wọn kò ní rí ara wọn.

Ìyá Tólú: Kí ló dé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà, bí kì í bá ṣe pé fóònù ń fi nǹkan ránṣẹ́?