Ẹ Yéé Da Kọ́kọ́rọ́ Tó Ti Jẹ Kọ fún Wa

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti sú mi. Kí epo kún inú ọkọ̀, kí bátìrì rẹ̀ le, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láìlábùkù, kí ó wá jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka lọ ni yóò pàṣẹ pé ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, ìwọ̀sí gbáà ni. Gbogbo ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tó ti pẹ́ ló mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kò ní yí. Ẹ ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó gbé e sókè, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ ó máa mì ín, ẹ ó máa bẹ̀ ẹ́, títí yóò fi wù ú láti gbọ́. Ẹni tó bá ń wò yín láti ìta á ti máa rò ó pé ẹ fẹ́ jí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ gbé ni.

Kì í ṣe pé kọ́kọ́rọ́ jẹ ló ń bí mi nínú. Irin tó bá ń fi ara gbo irin lójoojúmọ́ kò lè ṣàìjẹ, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jẹ́ idẹ tí wọ́n kàn fi níkẹ́ẹ̀lì bò lójú. Nínú àgádágodo ọkọ̀, àwọn awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan wà tí sípíríǹgì kéékèèké ń tì, tí ihò àárín oníkálukú wọn sì wà ní gíga tirẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ni yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí etí gbogbo wọn yóò ti bá ara òpó roboto tó gbé wọn dọ́gba. Ìgbà náà ni òpó náà tó lè yí. Bí eyín kan bá fi ìdá kékeré nínú mìlímítà kan jẹ, awẹ́ kan ṣoṣo á yọrí síta, gbogbo rẹ̀ á sì há. Ohun tó ń bí mi ni pé àwọn tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí jẹun mọ èyí jù mí lọ, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é bí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ lọ bá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe. Kò ní béèrè ohunkóhun. Yóò de ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ, yóò de tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pá ẹ̀rọ á máa tọ ojú ògbólógbòó lọ, abẹ rẹ̀ á sì máa gé tuntun gẹ́lẹ́ bí ìyẹn ṣe rí. Gbogbo ibi tí àtijọ́ ti jẹ ni tuntun náà yóò ti jẹ, àṣìṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì tún gorí rẹ̀. Yóò wá nà án sí yín, á máa dán gbinrin, ẹ ó sanwó, ẹ ó dé ìdí ọkọ̀, kò ní yí. Bí ẹ bá padà lọ, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Àgádágodo yín ló bàjẹ́." Ṣé àgádágodo ló wá bàjẹ́ báyìí? Àìsàn lo dà kọ fún mi, o sì gba owó ìwòsàn!

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dunni jù ni pé ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò sọnù. Eyín kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti fún ní ìwọ̀n jíjìn tirẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà pa ìwọ̀n náà mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, nọ́ńbà yìí wà lára páànù kékeré tó bá kọ́kọ́rọ́ wá nígbà tí ọkọ̀ jáde, ó sì lè wà lára àgádágodo ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó yẹ lè fi nọ́ńbà náà gé kọ́kọ́rọ́ bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kúrò nílé-iṣẹ́, láìwo ògbólógbòó rárá. Bí nọ́ńbà bá sọnù, a lè tú àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì wò, nítorí pé ti awakọ̀ là ń ṣí jù, òun ló sì ń jẹ jù. Inú ti ẹ̀gbẹ́ kejì sábà máa ń wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ta ló sọ èyí fún mi nínú gbogbo àwọn tí mo sanwó fún? Kò sí. Ó tiẹ̀ yẹ kí ẹnì kan bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ kejì kan wà nílé tí n kì í lò, kí ó fi ìyẹn ṣe àwòṣe. Ìyẹn pàápàá kò wá sọ́kàn wọn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí n mú ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìdánimọ̀ wá, èyí kò sì bí mi nínú. Bí wọ́n bá ń fún gbogbo ẹni tó bá ka nọ́ńbà ṣáṣí lójú gíláàsì ní kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ta ni ì bá ṣẹ́ kù? Mo kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Èsì tí mo gbà ni pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ jù, pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, kí n kúkú ra àgádágodo gbogbo ọkọ̀ ní odidi. Odidi, nítorí eyín kọ́kọ́rọ́! Nígbà tí mo tún wá gbà láti rà á, wọ́n ní wọn kò ṣe é mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìginíṣọ̀n tuntun, ìyẹn ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́, á mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá, ilẹ̀kùn á mú tirẹ̀, búùtù á di ti àtijọ́ mú. Nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo, èèyàn á wá ru ìdì kọ́kọ́rọ́ bíi wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a lè tú ìginíṣọ̀n tuntun náà, kí a tún awẹ́ irin inú rẹ̀ tò kí ó bá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mu. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí sípíríǹgì inú rẹ̀ kéré débi pé ó lè fò lọ kí a má rí i mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ awo. Ohun tí mẹkáníìkì kan dá lábàá fún mi dípò rẹ̀ ni pé kí òun fi fáìlì rẹ́ orí awẹ́ tó bá yọ, kí ó ṣáà ti máa yí. Yóò máa yí lóòótọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, olè tó bá ní síkúrùdíráfà á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo ní kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ mi.

Àwọn kan tún wà tí wọn yóò ní, "Ẹ ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná." Ìmọ̀ràn olówó gọbọi ni. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òpó inú ìginíṣọ̀n kò ṣeé yọ àfi bí kọ́kọ́rọ́ bá kọ́kọ́ yí i dé ìpele kìíní, kí a tó lè tẹ irin kékeré tó dì í mú. Bí a bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ tí kò ní yí mọ́ rárá, dírílì ni wọn yóò fi lu ú jáde, ọkọ̀ á sì wà níbi tó wà pẹ̀lú ìdarí rẹ̀ ní títì. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń yọ bọ́ síni lọ́wọ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, àkókò àtúnṣe ti dé. Mo sọ èyí fún mẹkáníìkì mi, ẹ̀rín ló fi mí rín.

Ti ṣíìpù, ohun kékeré inú orí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dá mọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, ni kí n kúkú má sọ. Láti ọdún 1998 ni òfin ti béèrè ní Yúróòpù pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ohun tí kò ní jẹ́ kí olè lè dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń pè ní ògbólógbòó lónìí ló ní ṣíìpù nínú orí kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, wọn yóò gé irin lásán fún yín, yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò yí ìginíṣọ̀n, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Wọn yóò wá ní ti ṣíìpù ni, owó rẹ̀ yàtọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbé irin?

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́ látinú nọ́ńbà kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ náà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún mi kí n tó sanwó pé àdàkọ nìkan ni òun mọ̀ ọ́n ṣe, kí n lè gbé owó mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in.