Ìwé Àṣẹ Tí Kò Fún Ni Ní Ibi Ìdúró

Gbogbo ẹni tó ń wa dánfó, tó ń ti ọmọlanke tàbí tó ń kiri ọjà ní Nàìjíríà ló mọ ìwé tí wọ́n ń fi tipátipá tà fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé ìlànà ìwé náà ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àti pé ààbò èrò kọ́ ni olórí ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Èrò ọkàn mi ni pé ìwé tí ìjọba bá gba owó lé lórí gbọ́dọ̀ fún olówó ní ibi tí yóò dúró sí ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Reluwéè láti Èkó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901. Owó yíyá ni ìjọba òyìnbó fi là á, nítorí náà ó di dandan kó pa owó wọlé. Ọ̀nà mọ́tò tó tẹ̀lé e, bíi ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó máa kó ẹrù wá bá reluwéè. Ṣùgbọ́n lọ́rì kò dúró sí ibi tí wọ́n fi í sí. Ó ń wọ abúlé lọ kó kòkó, ó ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, onílọ́rì àti ẹlẹ́rù sì lè dúnàá dúrà lójúkojú. Reluwéè kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, owó láísẹ́ǹsì ti di ohun tí ìjọba fi ń dá lọ́rì dúró, kó má baà gba oúnjẹ lẹ́nu reluwéè. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Motor Transport Union, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe akọ̀wé fún, bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó yẹn gan-an.

Hackney permit, ìyẹn ìwé àṣẹ láti fi ọkọ̀ gbé èrò gbowó, tí ọkọ̀ akérò ṣì ń gbà lọ́dọọdún, ti pẹ́ ju mọ́tò lọ. Òfin London ti 1662 ló ní kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń gbé èrò má ju 400 lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì san £5 lọ́dún. Òfin yẹn kan náà sọ iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe: títún òpópónà ṣe. Apá yìí ni kò bá ìwé náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Lónìí, ọkọ̀ akérò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà aláwọ̀ pupa, ìǹṣọ́ránsì, hackney, láísẹ́ǹsì awakọ̀ èrò, àti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, èyí tí wọ́n ń tún gbà ní oṣù 6 sí oṣù 6. Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn nìkan ló kan bíréèkì, táyà, iná àti sítíárì. Òun náà sì ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ agbódegbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Èyí tó yẹ kó gba ẹ̀mí là ló rọrùn jù láti rà, ó sì ń bí mi nínú.

Ti àwọn tó ń kiri ọjà tún burú ju èyí lọ. Ní 1946, ìjọba amúnisìn gbé ìlànà jáde ní Èkó pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ kiri. Dídáàbò bo ọmọdé dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ru àtẹ ni wọ́n ń mú, ìyá rẹ̀ ló sì ń pàdánù owó ọjà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2003 wá fòfin de títa ọjà lójú títì pátápátá. Ní 2016, gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, kéde pé owó ìtanràn 90,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló ń dúró de ẹni tó tà àti ẹni tó rà.

Ẹ wá ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Wọ́n dárúkọ láísẹ́ǹsì fún básíkù, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, wíìlìbárò àti ọmọlanke. Wọ́n dárúkọ ọjà, gáréèjì àti ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ru ọsàn lórí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ti wíìlìbárò lè ra ìwé. Ẹni tó ru àtẹ kò rí ìwé kankan níbẹ̀ tó lè rà láti fi wà ní ẹ̀tọ́. Òfin tó lè mú un nìkan ló wà fún un.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀ sórí ni Òfin nọ́ńbà 21 ti 1998, tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ó fi owó gáréèjì, owó ọjà àti owó ọmọlanke sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní aláṣẹ owó orí nìkan ló lè gbà á, ó sì kà á léèwọ̀ láti dènà ọ̀nà nítorí owó kankan. Ìjìyà ẹni tó bá rú u ni 50,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá na pákó onííṣó sójú ọ̀nà tó ń ta sítíkà, ẹ béèrè orúkọ káńsù rẹ̀, iye tí òfin káńsù náà kọ sílẹ̀, àti rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Owó gáréèjì wà fún ẹni tó wọ gáréèjì; ọkọ̀ tó ń kọjá lọ kò jẹ gáréèjì ní gbèsè. Ẹ má bá wọn jà lójú títì o, torí gíláàsì ọkọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ́. Ẹ ya fọ́tò sítíkà náà, ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹgbẹ́ kó ti gbogbo ọlọ́kọ̀ jọ fún lọ́yà. Ẹ̀rí ogún ọkọ̀ lágbára nílé ẹjọ́ ju ti ẹnì kan lọ.

Ní ti aláàtẹ, ojú ìwé kan péré ni mò ń béèrè fún: orúkọ òpópónà, mítà 1 ní ìbú àti ní òró, wákàtí tó lè tà, owó ọdún kan, àti orúkọ ọ́fíìsì tó gba owó náà. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka iye ọjà náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún ọlọ́jà ní rìsíìtì kó tó gbé e sọ́kọ̀. Ata, tòmátì àti ẹja tútù kì í dúró de adájọ́, nítorí náà kí wọ́n dá wọn padà fún un lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ̀bi, kó san owó ìtanràn.