Ìwà Kì Í Fi Oníwà Sílẹ̀

Inú ń bí mi lọ́sẹ̀ yìí o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àbúrò mi kan tí mo yá ní ìwé ìtàn dá a padà láì kà á dé ìdajì, ó ní olú ẹ̀dá ìtàn yẹn ń purọ́, ó ń gbéra ga, kí n wá ìwé tí èèyàn gidi wà nínú ẹ̀ fún òun. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ jà, irọ́ tóun náà pa ló dájà sílẹ̀ o, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ báyìí, ó ti yí orúkọ padà lórí Facebook, lórí WhatsApp, ó ní ẹni àná ti lọ. Lọ síbo? Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀, bí òjìji ló ṣe ń tẹ̀lé èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹ̀dá inú ìtàn wà láìní àbàwọ́n, kí lẹ fẹ́ kà gan-an? Nínú The Great Gatsby, ìwé ìtàn tí F. Scott Fitzgerald gbé jáde ní 1925, James Gatz lorúkọ olú ẹ̀dá ìtàn náà tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó rí ọkọ̀ ojú omi olówó kan, ibẹ̀ ló ti di Jay Gatsby. Owó dé, ilé ńlá dé, irọ́ ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ẹ yọ irọ́ yẹn kúrò ká wo ohun tó máa kù nínú ìwé.

Don Quixote tí Cervantes kọ, tí apá kìíní ẹ̀ jáde ní 1605 ńkọ́, ọkùnrin tí ìwé kíkà ti da orí ẹ̀ rú, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ronú orúkọ tó máa jẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ! Ìwọ tórí ẹ pé, o ò lò ju òru kan lọ. Nígbà tó sì ń kú lọ, ní apá kejì tó jáde ní 1615, orúkọ ẹ̀ àtijọ́ ló padà sí.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ro tiẹ̀ fún ọdún kan ọdún méjì, tí orúkọ tó ń jẹ́ ń rán an létí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, mi ò bá a jà, kó yí i. Ìbínú ni mò ń bá wí. Orúkọ tó o fìbínú mú lóru, sátífíkéètì ẹ ò mọ̀ ọ́n, báńkì ò mọ̀ ọ́n, páásípọ́ọ̀tù ò mọ̀ ọ́n, ìwọ ni wàá máa tọ́ka sára ẹ níwájú akọ̀wé pé èmi náà rèé. Irọ́ tó dájà sílẹ̀ sì wà níbẹ̀, o ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi, orúkọ tí mo mọ̀ ẹ́ mọ̀ ni màá máa pè ẹ́ títí wàá fi lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Tó o bá ti ibẹ̀ dé, wá gba ìwé yẹn, kà á dé ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ẹni tó pa á, kó o tó sọ fún mi pé kì í ṣe èèyàn gidi.