Ẹni Tí Kò Bá Ní Okùn Kó Jókòó Sílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi kó tó ṣe mí léṣe. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ká tún lọ sùn sínú igbó?" Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí o. Mi ò tíì fọ ẹrẹ̀ ara tapólì mi. Òun tó jẹ́ kí n lajú sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, òun náà ló ń béèrè bóyá ká tún lọ!

Ẹ̀yin náà mọ irú èèyàn tí mò ń sọ. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní tirẹ̀. Tí ẹ bá ti béèrè ohun tó ń gbé bọ̀, á ní ẹ má dààmú, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni mo bi í kí á tó gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé o ní okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so hámọ́ọ̀kì, ibùsùn aṣọ tí wọ́n ń so kọ́ sáàárín igi méjì, mọ́ igi? Ó ní ó wà. Kúbùsù abẹ́, èyí tí wọ́n ń so sábẹ́ hámọ́ọ̀kì nítorí òtútù, ńkọ́? Ó wà. A wá rin kìlómítà 11 tẹrù-tẹrù (ẹni tó mú wa gba ọ̀nà yẹn ti sọ pé kò ní ju 7 lọ, èmi àti òun náà ṣì máa sọ ọ́). A débẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, arákùnrin yìí tú báàgì rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ síta ni ẹ̀rọ orin. Ìkejì ni okùn náílọ́nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, irú èyí tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Kò sí kúbùsù kankan.

Mo ní kó má so ìyẹn mọ́ igi o, okùn tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán ni kì í jẹ igi lára. Ó ní mo ti ń ṣe bíi tíṣà. Ló bá fa okùn náà títí ó fi le bí awọ ìlù, torí pé òun ò fẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé okùn ló ń fìyà jẹ yẹn? Tí okùn bá dà wálẹ̀ ní dígírì 30 sí ìlà tó tẹ́jú, ìwọ̀n ara rẹ ni okùn kọ̀ọ̀kan ń gbé. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, tó ku dígírì 10, ó ti sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80 á wá máa fa okùn bí ẹni tó ju 200 lọ. Mo sọ ọ́. Kò gbọ́.

Nǹkan bí aago kan òru, tọ́ọ̀ṣì là yẹ̀rì sí mi lójú. "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, jọ̀ọ́, òtútù fẹ́ pa mí." Gbogbo aṣọ tó mú wá ló ti wọ̀ síra. Àmọ́ ẹ̀yìn ni òtútù hámọ́ọ̀kì ti ń wọlé, kì í ṣe àyà. Aṣọ tí ara rẹ bá ti tẹ̀ pẹlẹbẹ ò lè mú ọ móoru mọ́. Ìdí tí a fi ń so kúbùsù sí abẹ́ níta nìyẹn, níbi tí ara ò ti ní dé ibẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí n máa wò ó kó máa gbọ̀n? Mo tú kúbùsù mi fún un. Èmi ni mo wá ká orúnkún mọ́ àyà, tí mò ń gbọ̀n rìrì.

Kò pé wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn, gbàà! Okùn já. Òun àti kúbùsù mi, inú ẹrẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò so ó ga ju ìjókòó àga lọ, kò ṣèṣe, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ìwọ tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o ò mú okùn méjì wá?"

Kí n mú okùn méjì wá! Èmi tí mo gbé ìkòkò tí gbogbo wa fi se nǹkan, tí mo gbé asẹ́ tí gbogbo wa fi sẹ́ omi mu, tí mo tún gbé àpò oògùn! Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi ni mo wọ̀n lórí ìwọ̀n kí n tó kúrò nílé. Ẹlòmíràn gbé ẹ̀rọ orin. Títí aago mọ́kànlá lẹ̀rọ ọ̀hún fi ń ké, nínú igbó tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la tìtorí ẹ̀ wá!

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo igi náà. Okùn yẹn ti jẹ èèpo wọlé, ó ti la ojú ọgbẹ́ yí ìdajì igi ká, oje ń ṣẹ́ jáde níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú èèpo yẹn gan-an ni oúnjẹ igi ń gbà kọjá lọ sí gbòǹgbò. Kí ni igi yẹn fi ṣe wá?

Kí wọ́n fòfin dè é. Ẹni tó máa ṣe é ò kàn mí, kí ẹnì kan ṣáà ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó mọ́ láì tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ ká tó gbéra, kí ẹni tí kò bá ní okùn yí padà sílé.

Mi ò tíì fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Kó kọ́kọ́ fọ kúbùsù mi wá ná.