Ẹ Má Hú Kùkùté Kúrò Nínú Oko

Láti oṣù Keje ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà, tó sì ṣèlérí pé a óò dáko sórí hẹ́kítà ilẹ̀ 500,000, ọ̀rọ̀ igbó lílà kò kúrò lẹ́nu àwọn ìjọba wa mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ dáko. Bí wọ́n ṣe ń la igbó náà ló ń kọ wá lóminú. Kọ́ńtírákítọ̀ á kó katakata dé, á hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, á wọ́ gbogbo rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ oko pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, á dáná sun ún. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ á wá ya fọ́tò lórí ilẹ̀ pupa tó mọ́ fo. Ká sọ òótọ́, wọ́n ti ba ilẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n tó gbin nǹkan kan sí i.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá dẹ́kun híhú kùkùté lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá fi owó ìlú la. Kí wọ́n sì ṣòfin tí ẹni tó ń dáko, títí kan ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, yóò fi ní ẹ̀tọ́ sí igi tó bá hù fúnra rẹ̀ nínú oko rẹ̀ tí òun sì tọ́jú. Kò ní ná wa tó owó tí a fi ń ra fatiláísà.

Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ̀. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti dán an wò. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ ọmọ India, tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA lápá Mọ́níyà láti 1970 sí 1987, ni òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pín ilẹ̀ igbó kan sí ọ̀nà púpọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n fi àdá àti àáké la apá kan. Wọ́n fi katakata tó ní abẹ tó ń gé igi nílẹ̀ la òmíràn. Apá kẹta, katakata tó ń ti igi ṣubú, tó sì ń fi irin wa gbòǹgbò jáde, ni wọ́n fi là á. Wọ́n wá ń wọn ilẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lọ. Níbi tí wọ́n ti fọwọ́ là á, tí wọn ò sì túlẹ̀, ohun tó bá omi lọ lórí hẹ́kítà kan kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù. Níbi tí wọ́n ti hú gbòǹgbò, tí àwọn náà ò túlẹ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù 15. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Ní 2020, wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn World Food Prize fún iṣẹ́ tó ti ṣe lórí ilẹ̀. Ìdúnnú ló jẹ́ fún wa, àmọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí kọ́ńtírákì igbó lílà ń ṣe bí ẹni pé Sáínà ló ti ṣe ìwádìí náà.

Ìdí tí àgbàrá fi ń gbé ilẹ̀ tí a hú gbòǹgbò rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Láti Ìbàdàn lọ sókè dé Òkè-Ògùn, ilẹ̀ dúdú tó ń bọ́ irè wa kò nípọn rárá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ ò ní gbẹ́ ẹ jìnnà kí ẹ tó kan yangí àti òkúta wẹ́wẹ́. Gbòǹgbò igi ló dì í mú, ekòlò ló ń lu ihò sí i kí omi tó ríbi wọlé. Kùkùté tí a bá fi sílẹ̀ kì í sábà kú. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, yóò rúwé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ níbi tí ti àgbàdo kò lè dé. Oúnjẹ ilẹ̀ tí òjò ti fọ̀ lọ sísàlẹ̀ ni yóò fà sókè tí yóò fi ṣe ewé, ewé náà yóò sì tún já bọ́ sórí ebè. Bó bá jẹ́ igi àyúnrẹ́ ni, ìran igi tí èso rẹ̀ máa ń wà nínú páádi bíi ti ẹ̀wà, yóò tún máa fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Ìjọba ń sanwó kí wọ́n lè hú èyí dànù, ó wá ń padà náwó lórí àpò fatiláísà kí ó lè rí i rà.

Àwọn bàbá wa mọ èyí láìkàwé. Wọn a gé igi kù sí orúnkún, wọn a fi igbá, emi, ọ̀pẹ àti ìrókò sílẹ̀, iṣu a sì máa gun ẹ̀ka tó bá yọ lára kùkùté. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń pọ́n ayé àtijọ́ lé ju bó ṣe yẹ lọ o. Àwọn náà ń sun igbó, ilẹ̀ ló pọ̀ fún wọn tí ìyà rẹ̀ ò fi jẹ wọ́n: ẹni tó dáko sí ibì kan fún ọdún mẹ́ta lè fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ta ló ní ọdún mẹ́wàá nílẹ̀ báyìí? Nítorí bẹ́ẹ̀ ni igi àti èpò ṣe gbọ́dọ̀ máa tún ilẹ̀ ṣe nígbà tí irè ṣì wà lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, èpò. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yóò bínú sí wa níbí. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ẹ jẹ́ ká fi ìjà ìṣèlú yẹn sílẹ̀), kì í ṣe onílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pa oko tì fún ọdún méjì tí ewé yìí sì bò ó, á rí i pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, àdá lásán sì tó láti ṣán an. Ewé rẹ̀ tètè ń jẹrà. Òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí èkan rí oòrùn. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbìn ín: ó máa ń tètè gbiná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ sì fẹ́ràn láti máa fara pamọ́ sí i. Níbi tó bá ti wà tẹ́lẹ̀, kí a ṣán an kí ó tó tanná, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, dípò kí a dáná sun ún tàbí kí a fín oògùn sí i. Jogbo náà ń bẹ, tí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè máa ń bo ẹ̀bá títì nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Kenya ń gé e, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ sí ìdí àgbàdo. Nínú kílò 100 ewé rẹ̀ gbígbẹ, náítírójìn tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta àbọ̀, pòtásíọ̀mù sì tó kílò mẹ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ la fi ń kọjá lára rẹ̀.

Èkan gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rù, koríko olórí mímú tó ń gún iṣu lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tó bá ti gba oko, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá. Iná kì í sì í pa á, torí gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Iná ló ń pa àwọn tó lè bá a du ilẹ̀. Ní agbègbè Mono lápá gúúsù Benin, ìbátan wèrèpè kan tí kì í yún ènìyàn lára, Mucuna, ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Nígbà tó fi máa di 1996, wọ́n ti tó nǹkan bí 10,000 káàkiri Benin. Kò gbilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èso rẹ̀ kò ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà, àgbẹ̀ kò sì lè fi gbogbo ìgbà òjò gbin ohun tí kò wọ ìkòkò. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò kalẹ̀: ohun tó bá máa tún ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan wọlé, ìbáà ṣe irú, igi ìdáná, oúnjẹ ewúrẹ́ tàbí ọ̀pá iṣu.

Orílẹ̀-èdè Niger ló yẹ kí ojú fi tì wá sí, orílẹ̀-èdè là ń sọ o, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ní agbègbè Maradi ní 1983, Tony Rinaudo, ọmọ Australia tó ti ń gbin igi tí igi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣàkíyèsí pé ohun tó rò pé ó jẹ́ igbó wẹ́wẹ́ nínú iyanrìn, kùkùté igi tó ń rúwé ni. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ yan ẹ̀ka díẹ̀ lára kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Kò sí irúgbìn, kò sí omi bíbu. Lónìí, ilẹ̀ tí igi ti padà sí ní Niger ní ọ̀nà yìí tó hẹ́kítà mílíọ̀nù márùn-ún. Òfin ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́: láti ayé àwọn Faransé, igi tó wà nínú oko àgbẹ̀, ti ìjọba ni, nítorí náà ta ni yóò tọ́jú ohun tí fọ́rẹ́sítà máa torí rẹ̀ mú un? Ìgbà tí ìjọba dẹwọ́, tí àgbẹ̀ sì gbà pé igi náà di tòun, ni igi pọ̀. Ní 2020, ìjọba ibẹ̀ wá fi àṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti wa yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, síbẹ̀ lábúlé, olórí ẹbí ló ṣì ń pín in. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, kò gbọdọ̀ gbin igi, torí igi la fi ń mọ onílẹ̀. Ẹbí kò fẹ́ gbọ́ lọ́la pé àyálégbé ní ilẹ̀ di tòun. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí ni pé ẹni tó ń roko kò ní ìdí kankan láti dá igi sí, á gé e fún elédùú tàbí kó hú u. IITA gan-an fojú rí i: nígbà tí wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ láti máa gbin igi Leucaena àti agúnmániyè ní ìlà-ìlà láàárín irè, ilẹ̀ dára nínú oko ìwádìí, àgbẹ̀ kò gbà á tó bí wọ́n ṣe rò. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ kì í sì í ṣe tiwọn. A lè ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ nínú òfin: kí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, kí ẹ̀ka, ewé àti èso igi tí a tọ́jú jẹ́ ti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà tí àdéhùn wọn bá wà.

Wọn á ní katakata tó ń túlẹ̀ kò lè rìn láàárín kùkùté. Òótọ́ ni, níbi tí oko bá ti tóbi. Níbẹ̀, kí wọ́n fi igi sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, kí wọ́n sì fi abẹ gé ìyókù nílẹ̀ láìwa gbòǹgbò. Àmọ́ ọkọ́ àti àdá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ṣì fi ń ṣiṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ torí katakata tí wọn ò ní ba ilẹ̀ wọn jẹ́.

Inú ìwé kọ́ńtírákì ni kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé: ó kéré tán, kùkùté 40 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kà á kí katakata tó wọlé, kó tún un kà nígbà tó bá jáde. Kọ́ńtírákítọ̀ tó bá hú u, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi àti ìṣákọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a ó sì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.