Ẹ Wá Ààyè fún Eré Ẹ̀rín-Òun-Ẹkún

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, eré tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ The Bear kó àmì-ẹ̀yẹ Emmy, èyí tí wọ́n fi ń yẹ eré tẹlifíṣọ̀n sí ní Amẹ́ríkà, 11 nílé ní ìsọ̀rí eré àwàdà. Títí di ìgbà náà, kò sí eré àwàdà tó gba tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún kan ṣoṣo. Kí ni eré náà dá lé? Alásè kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ara rẹ̀, tó wá jogún ilé oúnjẹ òun gbèsè. Àwọn atọ́kùn ayẹyẹ ọjọ́ náà, Eugene Levy àti Dan ọmọ rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìtàgé. Lójú tiwa, yẹ̀yẹ́ yẹn pani lẹ́rìn-ín ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú eré ọ̀hún lọ.

A ò bá eré náà jà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni ayé fúnra rẹ̀, eré tó bá sì fi bẹ́ẹ̀ hàn kò ṣẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ìdíje la ní ẹjọ́ wọn lọ́wọ́.

Láti ọdún 2015, aago ni Television Academy, ẹgbẹ́ tó ń fi Emmy dáni lọ́lá, fi ń pín eré. Èyí tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, àwàdà ni. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, dírámà ni, àfi tí olóhun bá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Bí Orange Is the New Black ṣe díje gẹ́gẹ́ bí àwàdà lọ́dún 2014 nìyẹn, tó di dírámà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Uzo Aduba gba Emmy lọ́dún méjèèjì, ẹnì kan náà ló sì ń ṣe nínú eré náà. Ní ìparí ọdún 2021, wọ́n sọ aago nù, wọ́n ní kí ẹni tó fi eré sílẹ̀ máa yan ìsọ̀rí tó wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà lè tún un yẹ̀ wò.

Ìyẹn ló burú jù. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbi tí ìdíje ti le? Kódà kí òfin tó rọ̀ báyìí, Shameless ti sọdá láti dírámà sí àwàdà lọ́dún 2014, ọdún náà gan-an ni orúkọ William H. Macy, olú òṣèré rẹ̀, sì wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún Emmy. Nídìí fíìmù náà, The Martian, ìtàn ọkùnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan lórí Mars, gba Golden Globe, àmì-ẹ̀yẹ mìíràn fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, ní ìsọ̀rí àwàdà tàbí eré olórin ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fi Golden Globe dáni lọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí láti mú òfin le.

Ẹni tó ń pàdánù ni aláwàdà pọ́nńbélé. Iṣẹ́ rẹ̀ le ju bí àwọn adájọ́ ṣe rò ó lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu, ó ti kú. Ojú tó bá yí ṣíwájú àsìkò, ẹ̀rín ti sá lọ. Bí òṣèré bá sì ṣe é dáadáa, á dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó sunkún lójú kámẹ́rà, kíá ni gbogbo ayé gbà pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ gbé àwọn méjèèjì síwájú adájọ́ kan náà, ẹ ti mọ ẹni tí yóò wọlé.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ń pa eré ẹ̀rín-òun-ẹkún náà lára. Nígbà tí M*A*S*H bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń fi í hàn, ní àwàdà ni, ẹ̀rín àtọwọ́dá, ìyẹn ẹ̀rín tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú ogun ni eré yìí ti ń ṣẹlẹ̀ o! Àwọn tó ń ṣe é bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà pé kí ẹ̀rín má ṣe wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí BBC ń fi í hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yọ ẹ̀rín náà kúrò. Bí ẹnì kan bá wo irú méjèèjì, yóò rí i pé wọn kì í ṣe eré kan náà mọ́.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ṣòro. Kí Emmy àti Golden Globe dá ìsọ̀rí kẹta sílẹ̀ fún eré tó da méjèèjì pọ̀. Àwọn kan yóò ní àmì-ẹ̀yẹ ti pọ̀ jù, ayẹyẹ ti gùn jù. Òótọ́ ni pé ó gùn, àmọ́ Emmy ti wá ààyè fún eré kúkúrú tí kì í kọjá sáà kan, ilé ò sì wó. Àwọn mìíràn yóò ní ìjà ààlà kò ní tán. Ṣé ó ti tán báyìí ni?

Kí wọ́n sì gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ olóhun. Kí ìgbìmọ̀ àwọn òǹkọ̀wé àwàdà àti ti dírámà jókòó wo eré kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tó ṣe é, kí wọ́n wá fi í síbi tó yẹ, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn láti kà.